Màmá Òkè Padre ní Ọjà Ìgbafẹ́

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù, nítorí ìpínlẹ̀ Florida tí mo balẹ̀ sí, oòrùn ibẹ̀ ń mú bí oòrùn Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo ní kí n jáde lọ wo àdúgbò, kí n sì kí àwọn tí a ó jọ máa gbé. Títì lọ gbọọrọ, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ mi ò rí ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo rìn títí mọ́tò kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bi mí bóyá ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi yá. Ó ní ṣé mọ́tò mi ló bàjẹ́. Mo ní mi ò ní mọ́tò, mo kàn ń nasẹ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú, ó ní kí n máa ṣọ́ra, ó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo padà sínú yàrá tí mo gbà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ nínú páìpù ògiri.

Beyerunka ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé tí ilé kan ti fara ti èkejì. Bí ìyàwó bàbá mi kékeré bá sín nínú yàrá wọn, ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta ló máa kí wọn pé "Ẹ pẹ̀lẹ́ o" kí wọ́n tó nu imú tán. Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran ní Ọjà'ba, ìdí igbá wọn ni mo sì gbọ́njú sí, láàárín ariwo alárù tó ń pariwo "Àgò lọ́nà!" àti àwọn oníbàárà tó ń bú ọjà tí wọ́n fẹ́ rà. Nígbà tí mo wà nílé, mo máa ń sọ pé ariwo yìí ló máa pa mí. Mi ò mọ̀ pé ó lè wọ ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni mo ríṣẹ́ ní ọjà ìgbafẹ́. Bí mo ṣe máa ń pè é fún ìyá mi nìyẹn, nítorí mi ò mọ orúkọ tí mo tún lè fún un. Ọgbà ìṣeré ńlá kan wà nílùú náà tí tọmọdé tàgbà ń ti gbogbo ayé wá, tí wọ́n ń gun ẹ̀rọ tó ń fò, tó ń yí, tó ń ju ènìyàn sókè. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ọgbà yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò rà, owó rẹ̀ sì lágbára. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ọgbà náà, létí adágún omi kan, wọ́n kọ́ àdúgbò kan tó jẹ́ kìkì ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé sinimá àti ibi ijó. Ibẹ̀ ò gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wù lè wọlé, kó máa wòran títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n bẹ̀rẹ̀, mo lọ síbẹ̀ kí n lọ fojú mọ ọ̀nà. Kí n tó rí nǹkan kan rárá, ìró ẹsẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn! Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀, tí ń lọ tí ń bọ̀, pẹ̀lú ẹkún ọmọdé, ẹ̀rín, àti ẹnìkan tó ń pe èkejì láti òkèèrè. Mo dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró láti bi mí bóyá ara mi ò yá, nítorí gbogbo wọn ló ń rìn bí mo ṣe ń rìn.

Mo rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ náà. Mo rí ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo rí èyí tó ń ta gúgúrú oríṣiríṣi àwọ̀, pupa, búlúù, ewé. Mo rí ilé oúnjẹ tí wọ́n mọ bí òkè tó ń yọ iná lórí, àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ń dúró kí wọ́n pe orúkọ wọn kí wọ́n lè wọlé jẹun. Omi ń fò sókè láti inú ilẹ̀, ó ń jó tẹ̀ lé orin, àwọn ọmọdé sì ń sáré gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo wọ ilé onífìlà kan, mo mú fìlà kan, mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé èló ni jálẹ̀. Ó nawọ́ sí iye tí wọ́n kọ sí i lára. Mo ní mo ti rí ìyẹn, èló ni yóò gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo dá fìlà padà. Mo yí padà lẹ́ẹ̀kan, bóyá yóò pè mí pé "Ẹ máa bọ̀, ẹ fowó kún un," bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Kò pè mí. Ó ti ń kí ẹlòmíràn.

Lálẹ́ yẹn mo pe ìyá mi.

"Ṣé ọjà ni ibẹ̀ ni, àbí ibi ìṣeré?" Bí wọ́n ṣe bi mí nìyẹn.

"Méjèèjì ni, Màmá."

"Ta ni ìyálọ́jà ibẹ̀?"

"Wọn ò ní ìyálọ́jà. Ilé iṣẹ́ kan ló ni gbogbo ẹ̀."

"Bí ìjà bá wá bẹ́ sílẹ̀ ńkọ́, ta ló ń parí ẹ̀?"

"Ìjà kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Màmá."

"Ọmọ mi, ìyẹn kì í ṣe ọjà," ni wọ́n wí.

Mo ṣe iṣẹ́ náà ju ọdún kan lọ. Wọ́n fún wa ní aṣọ funfun, wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀rín. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi ìka kan ṣoṣo júwe ọ̀nà fún àlejò, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni ká fi júwe. Ìyẹn ò ṣòro fún mi, nítorí ẹni tó bá nàka sí àgbà nílé wa, ara rẹ̀ ló máa sọ. Ọ̀gá wa ni Rósà, obìnrin ará Puẹto Riko kan, ohùn rẹ̀ le ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dára. Mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Mo mọ ibi tí áísìkirimù ti máa ń dà sílẹ̀ jù, mo sì mọ bẹ́ǹṣì tí àwọn ọkọ máa ń jókòó sí de àwọn ìyàwó wọn. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí mi lójúmọ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ọ̀la ni wọ́n sì ń padà sí ìlú wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá mo wá síṣẹ́ lánàá. Bí iṣẹ́ bá parí, mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá mi.

Ó débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lórí fóònù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu nínú mi pé tí Iléyá bá fi kọjá, màá padà sílé, kí àwọn aráyé sọ ohun tó bá wù wọ́n.

Ọjọ́ Sátidé kan, nírọ̀lẹ́, ni mo ń gbálẹ̀ nítòsí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń gbé àlejò lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo rí ìyá àgbà kan tó jókòó sórí ògiri kúkúrú, wọ́n ró ìró àti bùbá àǹkárá, wọ́n fi gèlè búlúù wé orí. Wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. Bí mo ṣe rí gèlè yẹn, mi ò ronú kankan. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Màmá."

Òyìnbó ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ sáré wá, ó di apá mi mú, ó fẹ́ gbé mi dìde. Ó rò pé mo ṣubú ni. Kí n tó ṣàlàyé fún un tán, Màmá ti pàtẹ́wọ́.

"Háà! Yorùbá ni mo gbọ́ yìí? Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ará Ìbàdàn ni mí, Màmá. Beyerunka."

"Beyerunka! Òkè Padre lèmi wà. Ọmọ àdúgbò ni mo rí yìí o! Dìde, dìde, má jẹ́ kí aṣọ funfun yìí dọ̀tí."

Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n bá wá. Wọ́n ní Fúnkẹ́, ọmọ àwọn ni, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìṣeré ọmọdé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ní kí àwọn jókòó de òun lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn jìnnà sí ibi tí a wà.

"Màmá, ṣé ọ̀nà ló dàrú mọ́ yín lójú?"

Wọ́n wò mí dáadáa kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Mi ò sọnù o, ọmọ mi. Mo ń lọ sílé ni. Mo rí àwọn tó gbé báàgì onítáyà, mo ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ń lọ, ni mo bá tẹ̀ lé wọn. Àṣé ẹsẹ̀ ò ní gbà." Wọ́n ṣí àpò ọwọ́ wọn. Ìwé ìrìnnà wọn wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tí àwọn Àgùdà máa ń kà àti ìró kan tí wọ́n ká. "Bá mi wò ó, èwo nínú àwọn ọkọ̀ yìí ló ń lọ?"

Bí wọ́n ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni rédíò tó wà níbàdí mi sọ̀rọ̀. Rósà ni. Ó ní a ń wá ìyá àgbà kan, adúláwọ̀ ni, gèlè búlúù ló wé, ọmọ rẹ̀ ń sunkún ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́nà létí afárá. Mo dáhùn pé mo ti rí wọn, ara wọn le. Rósà mí kanlẹ̀. Ó ní kí n mú wọn bọ̀ jẹ́jẹ́, òun á fi ẹlòmíràn sí ibi tí mo ń gbá.

"Màmá, Ántí Fúnkẹ́ ń sunkún."

Wọ́n wo ilẹ̀. "Mo mọ̀ pé yóò sunkún. Ṣé kí n má wá lọ ni?"

Mo bá wọn wọ bàtà wọn, mo fún wọn léjìká dì mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ojú Màmá ò dákẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń ta àbẹ́là olóòórùn, wọ́n fa imú. "Kí ni wọ́n ń sè níbí?" Mo ní wọn ò sè nǹkan kan, òórùn ni wọ́n ń tà. "Òórùn! Tí wọ́n bá wá gbé e délé, kí ni wọ́n á fi jẹ?" Wọ́n gbójú sókè sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kọ́tìnì wà lójú fèrèsé rẹ̀, tí òdòdó sì tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n júwọ́ síbẹ̀. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin onílé!"

"Màmá, kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ògiri lásán ni. Wọ́n kàn fi fèrèsé sí i kó lè dà bí ilé ni."

Ẹ̀rín gbé wọn débi pé wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ mi. "Wọ́n kọ́lé tán, wọ́n gbàgbé èèyàn!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti ń gba abẹ́ àwọn fèrèsé yẹn kọjá látọdún èṣí. Kò sí ọmọ tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó kú níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn tó wá ṣeré, àlejò ni gbogbo wa. Bóyá ìdí nìyẹn tí ara fi tù mí níbẹ̀ ju ibi tí mo ń sùn lọ. Níbi tí gbogbo èèyàn ti jẹ́ àlejò, kò sẹ́ni tó lè bi ọ́ pé kí lo wá ṣe.

A jókòó díẹ̀ nítòsí omi tó ń jó, torí ẹsẹ̀ Màmá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́.

"Ọmọ mi ò ṣe mí níbi o. Oúnjẹ wà, bẹ́ẹ̀dì wà. Nọ́ọ̀sì ni, òru ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá dé láàárọ̀, oorun ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ó máa ń lọ fún ọjọ́ púpọ̀. Èmi àti ọmọ ìkókó la jọ ń wojú ara wa. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, kò lè dáhùn. Tó bá sì máa dáhùn lọ́jọ́ kan, òyìnbó ni yóò sọ sí mi. Nílé, bí mo bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, tí mi ò dìde, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti Òkè Padre dé Mápó. Ẹnu mi fẹ́ dí, ọmọ mi. Má sọ fún Fúnkẹ́ o. Sọ pé ọ̀nà ló dàrú mọ́ mi."

Mi ò lè wo ojú wọn. Omi ti lé sí ojú tèmi náà.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì àwọn aṣọ́nà, obìnrin kan sáré jáde, ó so ọmọ mọ́ àyà. Ó dì mọ́ Màmá, ó gbọ̀n wọ́n, ó tún dì mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ìbínú tẹ̀ lé ẹ̀rù.

"Màmá, kí lẹ ṣe fún mi báyìí? Bí mọ́tò bá kọlù yín ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn tó wà nílé? Láti òní lọ, ẹ ò jáde mọ́. Inú ilé lẹ máa wà títí ẹ ó fi padà!"

Màmá fọwọ́ tẹ ọwọ́ mi. Wọ́n ti ní kí n má sọ ọ́. Àgbà ló bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá yìí.

"Ántí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni, mi ò lẹ́nu sí i. Màmá, ẹ̀yin náà ẹ dárí jì mí. Ọ̀nà ò dàrú mọ́ Màmá lójú. Àìjáde yẹn ló lé wọn débí."

Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ le. "Kí ni ìwọ mọ̀ nípa ilé mi?"

"Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, Ántí, àfi bó ṣe dákẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi ṣe dákẹ́."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, níwájú gbogbo èèyàn. "Ṣé ẹ rò pé èmi ò mọ̀ pé ó dákẹ́ ni?" ló wí. Ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wọlé. Tí mo bá wọlé, màá ní ó rẹ̀ mí, màá lọ sùn. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀, ilé ti kún. Mi ò bi yín léèrè rí pé ṣé ó kún fún ẹ̀yin náà."

Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ ìró tí wọ́n ká sínú àpò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n sì so ó gírígírí. "Dìde," ni wọ́n wí fún Fúnkẹ́. "Ẹ̀mí mi wà, ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí. Kí ni wọ́n ń jẹ níbí?"

Wọn ò bínú sí mi pé mo sọ ọ́. Wọn ò sì dúpẹ́. Wọ́n kàn gba nọ́ńbà mi.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ti gba ìsinmi, mo máa ń lọ bá Màmá jókòó kí Ántí Fúnkẹ́ lè sùn. Nígbà mìíràn, àwa méjèèjì á gbé ọmọ, a ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà ìgbafẹ́. A kì í ra nǹkan kan. Màmá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọkọ, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, àwọn òyìnbó á máa júwọ́. Wọ́n kọ́ Rósà ní "Ẹ kúuṣẹ́." Ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n bá bàbá àgbà kan láti ilẹ̀ Íńdíà ṣe ìjíròrò gígùn, òun ń sọ èdè tirẹ̀, Màmá ń sọ Yorùbá, ó sì dà bíi pé wọ́n gbọ́ra wọn yé. Nígbà tó yá, Ántí Fúnkẹ́ wá ẹni tí yóò máa bá a mójú tó ọmọ, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá ṣáájú àsìkò tí wọ́n fi sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn ò sunkún. Èmi àti Ántí la sunkún.

Kò pẹ́ tí wọ́n délé ni ìyá mi pè mí láti Ọjà'ba, ariwo ọjà ń dà gììrì lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àlejò kan láti Òkè Padre wá bá àwọn nídìí igbá, ó ra abọ́ méjì, ó ná an títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ti bá ọmọ àwọn jẹun nílùú òyìnbó. "Ó ní o ń ṣe dáadáa," ni ìyá mi wí. "Ó tún ní kí n máa pè ọ́ ju bí mo ti ń pè ọ́ lọ. Kí ló rí tí o ò sọ fún mi?"

Mo sọ fún wọn. Ó gba àkókò díẹ̀, ẹkún sì bá mi dé àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan tíkẹ́ẹ̀tì tí mò ń wò lórí fóònù. Wọn ò ní kí n padà, wọn ò sì ní kí n dúró. Wọ́n ní ilé ò ní ṣí kúrò níbi tó wà, kí n má jẹ́ kí àárò ilé bá mi pinnu.

Iléyá kọjá, mi ò lọ. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Ántí Fúnkẹ́ jọ gba ìsinmi, ó wá fi mọ́tò gbé mi. Mo wọ bùbá mi tó dára jù, mo fi ìbòrí bo orí. A lọ tò síwájú ilé oúnjẹ olókè iná yẹn bí àwọn yòókù, wọ́n pe orúkọ wa, a wọlé. Mo ti gbá iwájú ilé yẹn tó ìgbà tí mi ò lè kà, mi ò jókòó sínú rẹ̀ rí. Ọmọ wà láàárín wa, ó ń fi ṣíbí lu tábìlì. Bí a ti ń jẹun lọ́wọ́, ìyá mi fi fídíò pè mí lórí fóònù. Mo gbé e sókè kí wọ́n lè rí iná, àwọn èèyàn, àti omi tó ń jó lójú fèrèsé.

"Ṣé o wà níbi iṣẹ́ ni?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá, Màmá," ni mo wí. "A wá ṣeré ni."